Pompeii, Herculaneum, Pozzuoli àbí Àwọn Erékùṣù: Ibo Ló Yẹ Kí Ẹ Lọ ní Etíkun Naples?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dé Naples, ní gúúsù Ítálì, pẹ̀lú ọjọ́ kan tàbí méjì péré lọ́wọ́, wọn á sì fẹ́ rí Pompeii láàárọ̀, Vesuvius lọ́sàn-án, Capri nírọ̀lẹ́. Bó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe lórí ìwé, inú ọkọ̀ àti orí ìlà ni ọjọ́ náà máa parí sí. Ó sàn kéèyàn mú ibì kan, kó rí i dáadáa.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí nìyí. Òkun ya wọnú ilẹ̀ láti Capo Miseno ní àríwá títí dé Punta Campanella ní gúúsù. Erékùṣù Procida àti Ischia wà lẹ́nu ọ̀nà àríwá, Capri wà lẹ́nu ọ̀nà gúúsù. Vesuvius, òkè ayọnáyèéfín tó ga ní 1,281 mítà, dúró sí ìlà oòrùn ìlú. Ní ìwọ̀ oòrùn ni Campi Flegrei wà, ayọnáyèéfín mìíràn tí kò ní ṣóńṣó kan ṣoṣo, tó tẹ́ sábẹ́ ilé àwọn èèyàn. Bẹ́ ẹ bá yọ Capri àti òkè Sorrento kúrò, tí wọ́n jẹ́ òkúta ẹfun, kò sí ibi tí a máa dárúkọ níhìn-ín tí kì í ṣe iná abẹ́ ilẹ̀ ló mọ ọ́n tàbí ló bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí iná náà ṣe sí ìlú kọ̀ọ̀kan ló pinnu ohun tó kù fún ojú láti rí, ìyẹn sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Ohun tí a fi ń díwọ̀n wọn

Àkọ́kọ́, kí ló kù nílẹ̀ gan-an? Èkejì, wákàtí mélòó ni yóò gbà, àlọ àti àbọ̀? Ẹ̀kẹta, owó. Ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ àti orúnkún: àtẹ̀gùn, oòrùn, òkúta. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé: kí ló lè ba ọjọ́ náà jẹ́? Òkun lè ru, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé lè yanṣẹ́ lódì, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè mì.

Reluwé Circumvesuviana ló so Naples mọ́ Ercolano (ìlú tí Herculaneum wà lábẹ́ rẹ̀), Pompeii àti Sorrento. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ bá a dé Sorrento, owó rẹ̀ kò tó 5 yúrò ní àlọ. Àmọ́ ó ti gbó, ó máa ń kún fọ́fọ́, àwọn gbéwiri sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àyè jókòó, ẹ lọ wọ̀ ọ́ ní Porta Nolana níbi tó ti ń gbéra, ẹ má dúró dè é ní Garibaldi tó tẹ̀ lé e. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọkọ̀ kan wà lórí irin kan náà tí wọ́n ń pè ní Campania Express. Ó wọ́n jù ú lọ dáadáa, àmọ́ ìjókòó yín dájú, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ SCIOPERO sára pátákó, ìyanṣẹ́lódì nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ á fi rìn, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen, kódà bó bá ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Òfin ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ló sì de físà náà.

Pompeii

Títóbi rẹ̀ ni ìdí tó fi yẹ kéèyàn lọ síbẹ̀. Ìlú náà fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 66, wọ́n sì ti hú ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jáde láti ọdún 1748. Ẹ lè rìn láti ẹnubodè kan dé òmíràn, kẹ́ ẹ ya ọjà, kẹ́ ẹ ya ilé ìwẹ̀, kẹ́ ẹ ya pápá ìjà, kẹ́ ẹ sì tún ṣìnà. Ẹ wo ojú títì dáadáa: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti họ òkúta di kòtò tóóró méjì, àwọn òkúta gíga tí wọ́n tò sí ìkóríta sì ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ kọjá kí wọ́n má bàa ki ẹsẹ̀ bọ omi ìdọ̀tí. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín òkúta wọ̀nyẹn bá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mu rẹ́gí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni àwọn búkà wà, pẹpẹ tí wọ́n ri ìkòkò mọ́ inú rẹ̀. Nínú ilé búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní ti Modestus, búrẹ́dì 81 ni wọ́n bá nínú ààrò, gbogbo rẹ̀ ti di èédú.

Àmọ́ ẹ ò ní rí ilé alájà púpọ̀. Nígbà tí Vesuvius bú gbàmù lọ́dún 79 Sànmánì Kristẹni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí gúúsù ìlà oòrùn, nítorí náà orí Pompeii ni òkúta fúyẹ́fúyẹ́ náà ń dà sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìwúwo rẹ̀ ló wó àwọn òrùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni eérú gbígbóná rọ́ dé, tó pa àwọn tí kò tíì sá. Eérú yẹn le gbagidi yí òkú wọn ká, ara jẹrà, ihò tó ní àwòrán èèyàn ló kù. Láti ọdún 1863 ni Giuseppe Fiorelli ti ń da POP olómi sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, òun ni àwọn ère òkú tí àwọn èèyàn ń lọ wò títí di òní. (Àwọn ìwé àtijọ́ ní oṣù August ni òkè náà bú. Àkọlé tí wọ́n fi èédú kọ sára ògiri, tí wọ́n rí lọ́dún 2018, mú kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà báyìí pé October ni.)

Iye tíkẹ́ẹ̀tì wà láàárín 18 sí 25 yúrò, ó kù sọ́wọ́ ibi tí ẹ fẹ́ dé. Láti November 2024, wọn kì í jẹ́ kí ju 20,000 èèyàn wọlé lójúmọ́, orúkọ yín sì máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ mú páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ dání. Báàgì tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 lé 30 lé 15 kò ní wọlé, ibi ìkẹ́rùsí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má tìtorí ọ̀fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà bí ẹ ò bá fẹ́ràn èrò.

Ibi tí èèyàn púpọ̀ ti ń ṣì í ni ibùdókọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Pompei Scavi–Villa dei Misteri, lórí ọ̀nà tó ń lọ sí Sorrento, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 láti Naples. Pompei Santuario wà lórí ọ̀nà mìíràn, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá ìjà. Ibùdókọ̀ tí wọ́n pè ní Pompei lásán jẹ́ ti ilé iṣẹ́ reluwé mìíràn. Ìkejì àti ìkẹta kò sọ yín nù, wọ́n á kàn mú yín rìn jù bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Wákàtí mẹ́rin ló kéré jù. Igi kò pọ̀, òkúta títì ń yọ̀ bí òjò bá ti pa á, July àti August sì mú gan-an. Ẹ dé akẹtẹ̀, ẹ mú ike omi òfìfo dání: ẹ̀rọ omi tó ṣeé mu wà káàkiri inú ìlú náà. Ọ̀nà pẹlẹbẹ kan wà fún àwọn tó ń lo àga onítáyà, ó gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, ẹnu ọ̀nà Piazza Anfiteatro ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń já èèyàn kulẹ̀ jù ni ilẹ̀kùn títì. Wọ́n máa ń ti àwọn ilé kan láti tún wọn ṣe, nítorí náà ẹ wo àtẹ ilé tó ṣí lọ́jọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn.

Herculaneum

Ìlú yìí kéré, ó rọgbọ, òun la sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ kan náà yẹn ni ẹ máa wọ̀, ẹ ó sọ̀ ní Ercolano Scavi lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, ẹ ó wá rìn sísàlẹ̀ tààrà síhà òkun fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń lọ sí bíi 16 yúrò. Wákàtí méjì sí mẹ́ta tó.

Afẹ́fẹ́ tó kó òkúta lọ sórí Pompeii dá Herculaneum sí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lóru ni ìkùukùu eérú àti èéfín gbígbóná já wá láti orí òkè, tí òmíràn sì tẹ̀ lé e, tí wọ́n bo ìlú náà mọ́lẹ̀ dé nǹkan bíi mítà 20 láwọn ibì kan. Ìgbóná yẹn sọ igi di èédú lójú ẹsẹ̀ kó tó lè jó tán, àjìnlẹ̀ náà kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ohun tí ẹ ò ní rí ní Pompeii: àjà kejì ilé, férémù ilẹ̀kùn, ibùsùn, àtẹ̀gùn onígi, àní ilẹ̀kùn alábala kan tí wọ́n fi igi ṣe láti pín yàrá, tó ṣì dúró síbi tí wọ́n gbé e sí.

Ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí òkun dé láyé ìgbà náà, ni ilé ọkọ̀ ojú omi wà ní ìtòsí ara wọn. Ọdún 1980 lọ́wọ́ sókè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí egungun àwọn èèyàn tó sá wá dúró de ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n ju 300 lọ. Lọ́dún 2024 ni wọ́n tún etíkun àtijọ́ náà ṣe tí àwọn àlejò fi lè rìn dé orí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ tí ẹ gbójú sókè, ògiri eérú tó ti di òkúta nìyẹn lẹ́yìn yín, àwọn ilé Ercolano òde òní ló sì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n sá. Ilé àwọn èèyàn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè hú ìyókù.

Àléébù rẹ̀? Kò ní pápá ìjà tí ẹ lè wò, kò sì ní gbàgede ọjà ńlá bíi ti Pompeii. Ẹni tó fẹ́ mọ bí odindi ìlú Róòmù ṣe tóbi tó, Herculaneum kò ní tó o. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ ga díẹ̀, àmọ́ kò fìyà jẹ orúnkún tó ti Pompeii.

Ibi yòówù kẹ́ ẹ yàn nínú méjèèjì, ẹ mọ̀ pé èyí tó dára jù nínú àwòrán ògiri, ère àti ohun èlò wọn ti kúrò níbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà láàárín Naples, tí wọ́n ń pè ní MANN, ni wọ́n kó wọn lọ.

Vesuvius

Ọkọ̀ á gbé yín dé nǹkan bíi mítà 1,000, ẹ ó fi ẹsẹ̀ gun ìyókù lójú ọ̀nà oníyanrìn tó ń yọ̀, bí ìdajì wákàtí. Láti òkè ni ẹ ti máa rí gbogbo etíkun náà lẹ́ẹ̀kan náà bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ ò ní rí ju ìkùukùu lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wákàtí tí ẹ máa wọlé sì wà lára rẹ̀. Ẹ rà á nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lókè. Ẹ̀ẹ̀kan tó bú kẹ́yìn ni March 1944, láti ìgbà náà ló ti ń sùn. Bí ìjì bá ń jà, wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà.

Pozzuoli àti Baia

Àwọn àlejò kì í sábà dé apá ìwọ̀ oòrùn yìí, àwa sì gbà pé àwọn ni wọ́n pàdánù. Kò wọ́n, kò jìnnà, ìtàn rẹ̀ sì le ju ti Pompeii lọ lọ́nà kan: ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ kò tíì parí.

Puteoli ni àwọn ará Róòmù ń pè é, èbúté ńlá sì ni láyé wọn. Ibẹ̀ ni àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sí Róòmù, tí àwọn ará sì ní kó dúró ti àwọn fún ọjọ́ méje (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:13 àti 14). Ẹgbẹ́ ìjọ tó ń rìnrìn-àjò lọ sí Róòmù lè tìtorí ẹsẹ Bíbélì yìí nìkan yà síbẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò ni òpó mẹ́ta tó wà láàárín ìlú, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Serapeo. Nítorí pé wọ́n rí ère òrìṣà Serapis níbẹ̀ lọ́dún 1750 ni wọ́n fi rò pé tẹ́ńpìlì ni. Ọjà ni. Ìsàlẹ̀ òpó náà ń dán; bẹ́ ẹ bá wá gbójú sókè díẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ara rẹ̀ ti lu jára, ihò wẹ́wẹ́ lórí ihò wẹ́wẹ́, ó sì tún dán padà lókè. Kòkòrò oníkarawun inú òkun ló gbẹ́ ihò wọ̀nyẹn. Inú òkun nìkan ló sì ń gbé, ìyẹn ni pé ilẹ̀ ọjà náà rì títí omi fi bo òpó dé ibẹ̀, kó tó tún gbéra sókè, láìjẹ́ pé òpó náà wó. Charles Lyell, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Scotland, fi àwòrán òpó wọ̀nyí ṣíwájú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1830 láti fi hàn pé ilẹ̀ máa ń lọ sókè sódò.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ń ṣe bí ìdérí orí ìkòkò tó ń hó. Lọ́dún 1538, òkè tuntun kan, Monte Nuovo, hù síbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín 1982 sí 1984, ilẹ̀ Pozzuoli gbé sókè ní nǹkan bíi mítà 1.8, bí ẹgbàá ogún (40,000) èèyàn sì kó kúrò nílé. Láti 2005 ló tún ti ń gbéra, ó ti ju mítà kan lọ báyìí, débi pé omi ti gbẹ nínú èbúté kékeré tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ wọn mọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó dé ìwọ̀n 4.4 wáyé ní May 2024, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba irú èyí, kó má sùn síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó ka ìròyìn ọjọ́ náà kó tó wọkọ̀, torí lẹ́yìn ìmìtìtì wọ́n máa ń ti àwọn ibi àtijọ́ pa láti yẹ̀ wọ́n wò. Solfatara, pápá tí èéfín ti ń jáde nínú ilẹ̀, ti wà ní títì láti September 2017, nígbà tí èèyàn mẹ́ta nínú ẹbí kan kú síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìwé atọ́nà àtijọ́ tàn yín lọ.

Ní Baia, tí kò jìnnà síbẹ̀, ilẹ̀ rì ni tirẹ̀. Ilé ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́lá Róòmù wà lábẹ́ omi báyìí, ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà rí i: ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ dígí, kí ẹ fi awò àti ọ̀pá ìmí wẹ̀ lójú omi, tàbí kí ẹ mù wọ inú omi pẹ̀lú àwọn tó ní àṣẹ. Láti 2002 ni ibẹ̀ ti di ọgbà tí òfin dáàbò bò, ẹ ò lè dá bẹ́ sómi. Ọkọ̀ onídígí rọrùn jù, òun náà ló sì ń jáni kulẹ̀ jù. Bí òkun bá ru lánàá, omi á dàrú lónìí, ẹ ò ní rí ju ìyanrìn tó ń fò lọ. Àárọ̀ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ló dára jù. Ère tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ jẹ́ àdàkọ, àwọn ojúlówó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé inú odi Baia lókè.

Reluwé abẹ́ ilẹ̀ Line 2 ló ń lọ sí Pozzuoli láti Garibaldi. Pápá ìjà Flavio wà ní ìrìn díẹ̀ sí ibùdókọ̀ náà, yàrá abẹ́ rẹ̀ sì pé ju ti ọ̀pọ̀ lọ.

Àwọn erékùṣù

Capri ló lókìkí jù, òun ló sì wọ́n jù. Ọkọ̀ tó ń sáré láti Molo Beverello, èbúté kan ní Naples, máa ń gba bí ìṣẹ́jú 50, ó sì ju 20 yúrò lọ ní àlọ nìkan. Láti Sorrento, kò ju ìṣẹ́jú 25. Tiberius, olú ọba Róòmù, gbé ibẹ̀ láti ọdún 27 títí dé 37, ahoro ààfin rẹ̀, Villa Jovis, ṣì wà lórí góńgó kan tí ẹ máa fi ìṣẹ́jú 45 gùn. Ihò Aláró, Grotta Azzurra, ni gbogbo ayé ń wá. Ẹnu rẹ̀ ga tó mítà kan péré, ẹ ó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ ìtukọ̀ kí ẹ tó lè wọlé, ẹ ó sanwó níbẹ̀ yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ tó gbé yín dé ẹnu rẹ̀, ẹ ó sì lo ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú. Bí ìgbì bá ga díẹ̀, wọ́n á tì í, owó tí ẹ ti san fún ọkọ̀ Capri kò ní padà. Lójú tiwa, àga tó ń gòkè Monte Solaro, mítà 589, sàn jù ú lọ fún owó yín.

Procida kò tó kìlómítà márùn-ún níbùú lóròó, nǹkan bí 10,000 èèyàn ló ń gbé e, òun ni wọ́n fi ṣe olú ìlú àṣà Ítálì lọ́dún 2022. Ilé apẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi ní Corricella ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ fún àlejò, ó sì tó. Ọkọ̀ láti Pozzuoli dín owó kù, àmọ́ nítorí ilẹ̀ tó ń gbéra, ẹ bèèrè bóyá ọkọ̀ ń gbéra níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ischia tóbi gan-an, ẹ má lọ síbẹ̀ bí ẹ ò bá ní sùn. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ló lókìkí fún. Ní Sorgeto, ó ń sun sínú òkun gan-an, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ju igba àtẹ̀gùn lọ ni ẹ máa sọ̀ tí ẹ ó sì tún gùn padà.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ní ààbọ̀ ọjọ́, tàbí tó mú àgbàlagbà tàbí ọmọdé dání: Herculaneum. Ẹni tó ní odindi ọjọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tó sì fẹ́ rí ìlú: Pompeii, kó wọlé ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kó má ṣe pa á pọ̀ mọ́ Vesuvius láàárín June sí August. Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹni tí owó ń ká lọ́wọ́ kò: Pozzuoli, pẹ̀lú ìròyìn ìmìtìtì lọ́wọ́. Tọkọtaya tí kò bìkítà fún ahoro: Procida. Capri wà fún ẹni tó bá ń sun Sorrento tàbí tó máa sùn lórí erékùṣù náà, torí ìrọ̀lẹ́ tí èrò bá ti lọ ló dùn ún wò. Láti Naples fún ọjọ́ kan, owó rẹ̀ ju ohun tí ẹ máa rí lọ.

Ní ti ibùsùn, Naples dín owó kù, gbogbo ọ̀nà sì ti ibẹ̀ jáde. Sorrento dákẹ́ jù ú, ó sì wọ́n jù ú, orí àpáta ló wà, etíkun oníyanrìn kò sì tó nǹkan níbẹ̀. Láti Sorrento, Pozzuoli jìnnà.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì, kó lọ sí Herculaneum láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kó padà sí Naples wọ MANN lọ́sàn-án; ní ọjọ́ kejì, kó mú Pozzuoli tàbí Procida bí òkun bá ṣe rí. Kó má fi ọjọ́ kìíní yẹn sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí MANN máa ń wà ní títì.